Íńtéèkì Tuntun Lórí Ọkọ̀ Onítọ́bò: Ẹṣin Mélòó Lẹ Ń Fowó Rà?

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ọkọ̀ náà. Ó ń hó bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò bí ẹni tó fẹ́ fa gbogbo afẹ́fẹ́ òpópónà símú. Bí ẹni tó ń wà á bá sì ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, á tú èémí kan jáde, "fììṣì!", tí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ọ̀nà á yíjú wò ó. Àbúrò mi ni. Ó ti kó owó oṣù méjì lé páìpù aláwọ̀ fàdákà kan àti fíltà pupa tó rí ṣóńṣó bí òkòtó. Àpótí dúdú tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ ti wà nínú bùútù lẹ́yìn, wọ́n fi àpò ìrẹsì bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Wọ́n ní agbára ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi kún un."

Mo bá a yọ̀, torí mo mọ bó ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kò sì kú mọ́. Ohun tí a rí nígbà tí a tú u ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra irú páìpù bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston náà ń rà á, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á kì í sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ fún wọn.

Imú tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí

Íńtéèkì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn gíríìlì iwájú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbà wọ inú àpótí tí fíltà wà, kó tó bọ́ sínú páìpù tó ń gbé e lọ bá ẹ́ńjìnnì. Epo nìkan kò lè jó. Kí kílò epo bẹntiróò kan tó lè jó tán, ó ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́, torí pé ọ́síjìn tó ń bá iná ṣiṣẹ́ kò ju ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì òun lágbára ju bó ṣe wà lọ, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wá kún un. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni ẹni tó ń ta páìpù ń sọ.

Afẹ́fẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ́ńjìnnì lítà kan àtààbọ̀ onítọ́bò, irú èyí tó wà nínú Honda Accord 2018, tí ilé iṣẹ́ sọ pé agbára ẹṣin 192 ló ní. Tí ó bá ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, tí tọ́bò sì ń tì í lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó ń fà lè tó lítà 7,000 sí 8,000 ní ìṣẹ́jú kan yẹn. Èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í mí ju lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn ń mí á tó ti ẹgbẹ̀rún èèyàn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn kan.

Ní ti agbára ẹṣin fúnra rẹ̀, James Watt ará Scotland ló sọ ọ́ di òṣùwọ̀n, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí ẹṣin lè ṣe lè mọ iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ṣe. Ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 746, tó sún mọ́ iná tí jẹnẹrétọ̀ tó kéré jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ń gbé jáde. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní páìpù àbúrò mi gbé wọlé.

Ọwọ́ ta ni agbára ọkọ̀ onítọ́bò wà?

Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ tọ́bò ní 1905. Èéfín tó yẹ kó bá sàlẹ́ńsà jáde lásán ni tọ́bò ń dá lọ́nà láti fi yí abẹ̀bẹ̀ irin kan. Abẹ̀bẹ̀ yẹn àti èkejì rẹ̀ jọ wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo ni. Bí ti ọwọ́ èéfín bá ti ń yí, ti ọwọ́ kejì náà ń yí, òun ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù, tó sì ń kì í mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́nà bí ẹni ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn. Nínú ọkọ̀ kékeré, ó lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n tọ́bò kì í dá ara rẹ̀ darí. Ọpọlọ ọkọ̀, tí àwọn rẹwáyà ń pè ní bréènbọ́ọ̀sì, ni ọ̀gá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti kọ ọ́ sínú ọpọlọ náà pé bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù tó báyìí, ìwọ̀n báyìí ni kí tọ́bò kì wọlé. Tó bá ti tó, ilẹ̀kùn kékeré kan á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀ èéfín, èéfín tó kù á gba ibẹ̀ jáde, tọ́bò ò sì ní ki ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí ẹ bá ní kí ọmọ pọn omi kún àmù, tí ẹ wá fún un ní ọ̀nà odò tó tẹ́jú ju ti àná lọ, àmù náà ni yóò pọn omi kún. Ara ọmọ á fúyẹ́ díẹ̀, ó sì lè tètè dé, ṣùgbọ́n omi inú àmù kò ní tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i. Páìpù tuntun tún ọ̀nà odò ṣe ni. Iye tí àmù gbà, inú ọpọlọ ọkọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Èmi àti àbúrò mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ẹ̀rọ pélébé kan tí wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, tó ń gbé ohun tí ọpọlọ ọkọ̀ ń rí sórí fóònù. A wakọ̀ náà pẹ̀lú páìpù fàdákà, a dá àpótí dúdú padà fún ìgbà díẹ̀, a tún wà á lójú ọ̀nà kan náà ní àárọ̀ kan náà. Ìwọ̀n tí tọ́bò ń kì, tí fóònù ń fi hàn nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ibì kan náà ló ń dúró sí nígbà méjèèjì. Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bíi pé ó yára jù lọ pẹ̀lú ti fàdákà o." Ó rí bẹ́ẹ̀ létí, torí pé àpótí dúdú ló ń pa ìró yẹn mọ́ tẹ́lẹ̀. Etí ń tan ara jẹ nínú ọkọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kàn án

Ká ní afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 1.00 lórí òṣùwọ̀n bar. Ká ní àpótí àti fíltà àtijọ́ ń fún un lọ́rùn díẹ̀, tó fi jẹ́ 0.96 ló ń dé ẹnu tọ́bò. Ká tún wá ní páìpù tuntun gbé e dé 0.98. Lórí ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, àfikún yẹn lọ tààrà sínú ẹ́ńjìnnì: nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, agbára náà sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lé bẹ́ẹ̀.

Lórí ọkọ̀ onítọ́bò tí ọpọlọ rẹ̀ ń béèrè 2.00, 2.00 náà ni yóò gbà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́lẹ̀, tọ́bò ní láti sọ afẹ́fẹ́ di ìlọ́po 2.08, ní báyìí, ìlọ́po 2.04 ti tó. Iṣẹ́ rẹ̀ dínkù díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, tó lè ju 130°C lọ nínú oòrùn Èkó, á fi bí 3°C tutù ju ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba inú íńtákúlà kọjá, ìyẹn rédíétọ̀ tó ń tu afẹ́fẹ́ lára, íńtákúlà á sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú 3°C ọ̀hún. Bí ẹ bá wá fi ìrọ̀rùn tó bá èéfín, torí pé iṣẹ́ tọ́bò dínkù, kún un, ohun tó kù lọ́wọ́ lórí ọkọ̀ agbára ẹṣin 192 wa kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Tọ́bò lè tètè jí díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń gbéra, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n a ti jìnnà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ibi tí imú ọkọ̀ ti lágbára lóòótọ́

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nínú eré ìje rally àgbáyé, àwọn aláṣẹ máa ń fi òrùka kan sẹ́nu tọ́bò kí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni má bàa lágbára jù. Ní 2017, wọ́n fẹ ihò òrùka náà láti mìlímítà 33 sí 36. Agbára àwọn ọkọ̀ náà sì fò láti 300 ó lé díẹ̀ sí nǹkan bí 380. Mìlímítà mẹ́ta péré!

Òrùka yìí ló tú Toyota láṣìírí ní 1995. Nígbà ìje Catalunya ní Spain, àwọn olùyẹ̀wò FIA, àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, rí i pé wọ́n ti ṣe tọ́bò Celica GT-Four wọn lọ́nà tí afẹ́fẹ́ fi lè gba ẹ̀gbẹ́ òrùka mìlímítà 34 wọlé, òrùka náà sì máa ń padà sí àyè rẹ̀ bí wọ́n bá ti tú u fún àyẹ̀wò. Max Mosley tó jẹ́ ààrẹ FIA nígbà náà gbà pé ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kéré. Síbẹ̀, wọ́n gba gbogbo máàkì ọdún náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Toyota, wọ́n sì lé wọn kúrò nínú ìje fún oṣù 12.

Kí ló dé tí mìlímítà mẹ́ta fi gbé tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, tí odindi páìpù tuntun ò sì gbé nǹkan gidi kan nínú ọkọ̀ àbúrò mi? Ìdí ni pé nínú ọkọ̀ ìje, òrùka yẹn ni ibi tó há jù lọ ní gbogbo ọ̀nà afẹ́fẹ́. Òun gan-an ni ààlà. Nínú ọkọ̀ tí à ń wà lọ síbi iṣẹ́, imú kọ́ ni ibi tó há jù, ọpọlọ ló fi ààlà sí i.

Ẹni tó bá ti tún ọpọlọ ọkọ̀ rẹ̀ kọ kó lè máa béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀, tàbí tó gbé tọ́bò ńlá sí i, imú lè wá di ibi tó há fún un. Nígbà náà, íńtéèkì tó dára á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó rẹ̀ padà. Púpọ̀ nínú nọ́ńbà ńláńlá tó wà lára páálí, orí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà kíkọ tó kéré jù lọ lára páálí ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́.

Nọ́ńbà orí dáínò

Dáínò ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé, tí táyà á máa yí lórí róólà, tí wọ́n á fi mọ agbára tó dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó dára ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà, láì fọwọ́ kan ohunkóhun, lè mú nọ́ńbà tó fi ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ láàárín ìdánwò kan sí èkejì. Lórí ọkọ̀ agbára ẹṣin 200, ẹṣin méjì sí mẹ́rin nìyẹn, tó tó gbogbo èrè tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá na ìwé dáínò sí yín, ẹ bi í: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dán ti àkọ́kọ́ wò, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dán ti tuntun? Ṣé fíltà àtijọ́ mọ́ àbí ó ti gba eruku ọdún méjì sára? Ṣé bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, tí fáànù ńlá ń fẹ́ sí fíltà? Lójú ọ̀nà, bọ́nẹ́ẹ̀tì wa máa ń wà ní pípadé, kò sì sí ẹni tó ń gbé fáànù tẹ̀lé wa lórí Afárá Kẹta.

Ooru sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ

Àpótí dúdú tí wọ́n ń yọ jù yẹn ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ó ń dá ooru ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kọ́, kí afẹ́fẹ́ ìta nìkan lè wọlé. Fíltà tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru inú ibẹ̀ ló ń mí.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní 33°C tó dé 63°C, ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Íńtákúlà á gba díẹ̀ padà, àmọ́ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ọ̀jọ́ta, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí íńtákúlà fúnra rẹ̀, èyí tó máa gbà padà kéré. Mo gbé ọwọ́ lé páìpù fàdákà yẹn lẹ́yìn ìdajì wákàtí nínú ìdíwọ́ ọkọ̀, kíá ni mo fà á kúrò. Irin ni, ó ń gba ooru yára ju rọ́bà dúdú lọ.

Bí ooru bá pọ̀, epo inú sìlíńdà lè gbiná fúnra rẹ̀ kí iná tó kàn án. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe èyí ní nọ́ọ̀kì. Kì í ṣe nọ́ọ̀kì tí mẹkáníìkì wa ń sọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí lè fà á tó bá pẹ́. Bí ọpọlọ ọkọ̀ bá gbọ́ ọ, yóò fà sẹ́yìn, agbára á sì dínkù, tí ẹni tó sanwó fún agbára kò ní mọ̀.

Eruku

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá bá wa láti Sàhárà. Ibi tó ti ń kó èyí tó pọ̀ ni àfonífojì Bodélé ní Chad. Eruku náà kúnná débi pé ó ń wọ inú kọ́ńbọ́ọ̀dù tí a tì pa. Iyanrìn tó lọ̀ kúnná wà nínú rẹ̀, iyanrìn sì le ju aluminiọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe abẹ̀bẹ̀ tọ́bò lọ. Ẹ ronú nípa abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ju ìgbà 150,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí irú hóró bẹ́ẹ̀ ń sọ lù ú lójoojúmọ́. Etí rẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀ á wọ inú sìlíńdà, á máa ha ògiri rẹ̀ àti òrùka písítìn, á sì bá ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, bàbá àgbà kan tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì láti ìgbà tí mo wà ní iléèwé, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo iná tó tàn. Ó tú ìdè páìpù fàdákà náà, ó yọ ọ́, ó gba áńkáṣíìfù funfun lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka ìtọ́ka wé e, ó tì í bọ inú páìpù níbi tí fíltà ti kọjá sẹ́yìn, ibi tó yẹ kó mọ́ bí àwo oúnjẹ. Ó nu ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ́ áńkáṣíìfù náà sórí bọ́ńpà. Àwọ̀ búráúnù tó pọ́n díẹ̀ ni, ó ń dán nítorí ọ́ìlì fíltà, ó sì ń ha ọwọ́ nígbà tí mo fi ìka méjì pa á.

"Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ẹ́ńjìnnì yín ń jẹ nìyí," bàbá sọ fún àbúrò mi. "Kí ẹ tó wá bá mi, ó ti ń jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Àbúrò mi ò dáhùn. Ó kàn ń wo áńkáṣíìfù yẹn.

Kì í ṣe gbogbo fíltà aṣọ ló burú o. Èyí tó dára wà, tí ẹnu rẹ̀ jókòó dáadáa sára páìpù, tí wọ́n sì ń fọ̀ lákòókò. Ìdánwò àgbáyé kan wà fún fíltà afẹ́fẹ́, ISO 5011 lorúkọ rẹ̀. Ó ń wọn iye eruku tí fíltà dá dúró, iye tó lè gbà sára kó tó kún, àti bó ṣe ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ tó. Olùtajà tó bá ní èsì rẹ̀ á fẹ́ fi hàn yín. Èyí tó jẹ́ pé ẹṣin nìkan ló ń kà, tí kò mẹ́nu kan eruku, ẹ má fowó fún un ní ìlú ọyẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn fíltà, iná ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń tù ú. Bó ṣe ń tutù sí ni ọpọlọ ọkọ̀ fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. MAF ni wọ́n ń pè é. Fífẹ̀ páìpù tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé iṣẹ́. Bí páìpù tuntun bá fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ níbi tí wáyà yìí dúró sí, afẹ́fẹ́ á rọra kọjá, wáyà á rò pé díẹ̀ ló wọlé, ọpọlọ á sì fọ́n epo tó kéré. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù lórí fíltà aṣọ náà lè ta sára wáyà, kó bo ojú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi nìyẹn. Kóòdù P0171 ló jáde nígbà tí wọ́n ṣe skáànù: afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Ẹ́ńjìnnì onítọ́bò tí epo kò tó nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dópin lè gbóná débi tí písítìn á fi yọ́.

Omi

Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Irú íńtéèkì kan wà tí fíltà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn bọ́ńpà, kó lè rí afẹ́fẹ́ tútù. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni omi ń kọ́kọ́ dé nígbà tí òjò bá rọ̀ ní Lẹ́kí tàbí Àjẹgúnlẹ̀. Omi kì í ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ó bá wọ sìlíńdà, tí písítìn gòkè bá a, kọ́ńrọ́ọ̀dù á tẹ̀ tàbí kó dá. Ilé iṣẹ́ kò ṣèèṣì gbé imú ọkọ̀ sókè.

Fún àwọn ọmọ wa lókè òkun

Ní Britain, íńtéèkì jẹ́ àyípadà tó yẹ kí ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè pàdánù owó rẹ̀. Ní California, íńtéèkì tí kò ní nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ California Air Resources Board á jẹ́ kí ọkọ̀ já nínú àyẹ̀wò èéfín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín rẹ̀ mọ́. Ní ti gáráńtì, òfin Magnuson-Moss ti 1975 ní Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n fagi lé e kìkì nítorí pé ẹ lo páátì ilé iṣẹ́ mìíràn, àfi tó bá jẹ́ páátì náà ló fa ìbàjẹ́. Wáyà MAF tí ọ́ìlì bò á sì jẹ́rìí ta kò yín kíákíá.

Ibi tí mo fẹ́ kí owó yín kọ́kọ́ lọ

Ẹ ra fíltà pépà tuntun tó jẹ́ ojúlówó, kí ẹ wo rọ́bà etí rẹ̀ dáadáa, torí ayédèrú pọ̀ ní ọjà páátì Ládípọ̀, rọ́bà etí rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ tú u fó. Bí ọyẹ́ bá ti ń parí, ẹ yọ ọ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fíltà pépà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà pé kó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé gbogbo wa ló ti ṣe é rí. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn ń lu ihò tí ojú kò rí sára pépà, eruku á sì máa gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí fíltà. Èyí tó bá ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n yẹ rọ́bà àti ìdè tó wà láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì wò. Lórí ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀, ibẹ̀ ni agbára tó sọnù sábà máa ń wà: rọ́bà ti là, ìdè ti dẹ̀, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti ṣe wàhálà fún pọ̀ ń sá jáde. Lórí ọkọ̀ àbúrò mi, ìdè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ íńtákúlà tí ọ́ìlì ti rọ̀ yí ká. Bàbá fi sípánà yí i ní ìyípo méjì àtààbọ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ó fi oògùn fọ wáyà MAF, ó dá àpótí dúdú padà pẹ̀lú fíltà pépà tuntun, ó pa iná ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí a wakọ̀ náà lọ sí Ṣàgámù ní ọjọ́ kejì, ó gba òkè láìmikàn. Àbúrò mi dákẹ́ títí a fi kọjá Mówé, kó tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó lágbára ju tàná lọ o. Kò kàn pariwo ni."

Páìpù fàdákà náà wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní bí òun bá rí owó láti tún ọpọlọ ọkọ̀ kọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, òun á tún gbé e jáde. Mo ní kó kọ́kọ́ wá èyí tó ní àpótí tí yóò bo fíltà rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń tà á.